Irin Tó Ń Rántí Ìrísí Rẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Í Yí Apá Bàálù

Lọ́dún 2005, bàálù Boeing 777-300ER kan gbéra ní pápá ìdánwò tó wà ní Glasgow, ìpínlẹ̀ Montana, ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń tú jáde, wọ́n to àwọn eyín onígun mẹ́ta yí etí ihò náà ká. Nígbà tí bàálù bá ń gbéra, àwọn eyín yìí á tẹ̀ wọnú afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde, ariwo ẹ́ńjìnnì á sì dínkù fún àwọn tó ń gbé nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Tó bá ti dé òkè réré, níbi tí otútù ti mú, eyín á nà padà kó má baà máa fa bàálù sẹ́yìn. Kò sí mọ́tò nínú wọn, kò sí jíà, kò sí páìpù òróró. Irin pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà nínú eyín kọ̀ọ̀kan, irin tó máa ń tẹ̀ tó bá gbóná, tí ara eyín tó le sì ń nà án padà tó bá tutù.

Iṣẹ́ irú irin yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti bí ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe ohun tí yóò máa yí apá bàálù ṣe lè bẹ̀rẹ̀, láti orí ìṣirò dé orí tábìlì ìdánwò. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé dì mú jálẹ̀ ni pé ooru rọrùn láti kó wọnú irin, ó sì ṣòro láti kó jáde. Gbogbo wàhálà iṣẹ́ náà ti ibẹ̀ wá, ibẹ̀ náà la sì ti máa ń mọ iṣẹ́ tó yẹ ká gbé fún irin yìí lára bàálù àti èyí tí kò yẹ.

Bàálù kì í ṣàdédé yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ní ẹ̀yìn apá rẹ̀ àti ní ìrù rẹ̀ ni àwọn pátákó tó ń yí lórí hínjì wà. Èyí tó wà ní ìkángun apá ń mú kí bàálù fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó wà ní ìrù ń gbé imú rẹ̀ sókè tàbí kó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ohun tó bá ń ti irú pátákó bẹ́ẹ̀, tó ń fà á, tó sì ń dì í mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a padà, òun ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní actuator. Nínú bàálù ńlá, òróró tí pọ́ǹpù tì wọnú sìlíńdà ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú agbára tó tó 3,000 pọ́n-ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan. Ti Airbus A380 tó 5,000. Ó lágbára púpọ̀, ó sì yára. Ṣùgbọ́n páìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú bàálù kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó wúwo, ó ń jò, ó sì ṣeé gé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1989, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìrù DC-10 kan ti United Airlines fọ́ lójú òfuurufú. Ètò òróró mẹ́ta ni bàálù náà ní, wọ́n sì ti gbà pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè bàjẹ́ pọ̀; èérún abẹ̀bẹ̀ náà gé páìpù gbogbo wọn. Kò sí pátákó kan tí awakọ̀ lè yí mọ́. Agbára ẹ́ńjìnnì méjì tó kù ni wọ́n fi darí rẹ̀, wọ́n ń fi kún ti ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń dín ti ẹ̀gbẹ́ kejì, títí wọ́n fi dé Sioux City ní ìpínlẹ̀ Iowa. Bàálù náà fọ́ níbi tó ti fẹ́ balẹ̀, síbẹ̀ èèyàn 184 nínú 296 tó wà nínú rẹ̀ ló yè. Ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè ìdí tí àwọn ẹnjiníà fi ń wá ọ̀nà míì tí a lè gbà yí pátákó bàálù, kó rántí páìpù mẹ́ta yẹn.

Oríṣi ohun èlò méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó lè yí ara wọn láìsí mọ́tò. Àkọ́kọ́ ni piezo, tí Pierre àti Jacques Curie, ọmọ ìyá méjì, ṣàwárí ìwà rẹ̀ ní Faransé lọ́dún 1880: tí a bá tẹ̀ ẹ́, iná á jáde lára rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: tí a bá fún un níná, á nà tàbí kó sún kì. Ó yára débi pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àléébù rẹ̀ ni pé nínà rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Èyí tó gùn ní mìlímítà 100 kò ní nà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Abẹ hẹlikọ́pítà, tó nílò ìyípadà kékeré léraléra bó ṣe ń yí, ló bá irú rẹ̀ mu jù. Lọ́dún 2005, hẹlikọ́pítà BK117 kan ti Eurocopter fò pẹ̀lú rẹ̀.

Èkejì ni irin tó ń rántí, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa. Òun kì í yára, ṣùgbọ́n ó ń sún kì tó ìlọ́po ọgbọ̀n ti piezo, ó sì ń fà gan-an. Ilé ìwádìí ohun ìjà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ní White Oak, ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n ti rí i. William Buehler ń wá irin tí ooru kò ní ba imú ọta rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́, ó sì da nickel pọ̀ mọ́ titanium ní iye átọ́ọ̀mù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lọ́dún 1961, wọ́n gbé pelebe irin náà kan, tí wọ́n ti ká ní ìká lórí ìká, lọ síwájú àwọn ọ̀gá níbi ìpàdé kan, kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń tẹ̀ tó ń nà láìkán. Ọ̀kan nínú wọn, David Muzzey, fi iná tó fi ń tan ìkòkò tábà rẹ̀ ràn án. Irin náà nà tàntàn lójú gbogbo wọn. Frederick Wang, tó dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà, ló ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Nitinol, láti inú orúkọ irin méjèèjì àti ti ilé ìwádìí náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí Nitinol bá tutù, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ máa ń tò ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ́, àwọn ìlà kan dà sọ́tùn-ún, àwọn ìlà míì dà sósì. Tí a bá fà á, àwọn tó dà sósì á yí sọ́tùn-ún, irin á gùn sí i, ṣùgbọ́n kò sí átọ́ọ̀mù kan tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí irin lásán. Tí a bá tẹ irin lásán kọjá àyè rẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ̀ kọjá ara wọn, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè padà. Tí Nitinol bá wá gbóná, ìtò olóòró nìkan ló lè dúró nínú rẹ̀. Gbogbo ìlà á nàró, irin á sì padà sí ìrísí tí wọ́n kọ́ ọ. Bí ohun kan bá dí i lọ́nà, yóò fa ohun náà. Ìfà yẹn la ń lò.

Ìrísí tó ní nígbà tó gbóná nìkan ló ń rántí o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń fojú fo èyí. Tó bá tutù, kì í nà padà fúnra rẹ̀. Ó kàn máa ń rọ̀ ni, tó ń dúró de ẹni tó máa fà á. Àwọn kan ń kọ́ irin náà ní ìrísí méjì, ṣùgbọ́n ipá tó fi ń lọ sí èyí tútù kò tó nǹkan. Nítorí náà, actuator oní-Nitinol kankan kò pé láìsí ohun tó máa dá a padà: sípíríǹgì, ara bàálù fúnra rẹ̀, tàbí wáyà Nitinol míì tó ń fa òdìkejì.

Kíkọ́ irin náà ní ìrísí kò le. A ó dì í mọ́ ara ohun tó ní ìrísí tí a fẹ́, a ó kì í bọ ààrò iná ní bíi dígíríì 500 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sì tì í bọ omi. Èyí tó le ni ìwọ̀n ooru tó máa jí i. Ìyàtọ̀ kékeré nínú iye nickel rẹ̀, bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, lè sún ìwọ̀n ooru náà ní bíi dígíríì mẹ́wàá. Ẹni tó bá ra wáyà láìmọ ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó rà.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe actuator, orí ẹrù tó máa gbé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lórí irin. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí èèyàn lè ṣe lórí tábìlì: pátákó ẹ̀yìn apá dróònù kan, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 0.3, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 0.05. Dróònù náà ń fò ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní eré yẹn, afẹ́fẹ́ ń ti ohun tó bá dojú kọ ọ́ pẹ̀lú newton 245 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ fi ojú pátákó náà àti fífẹ̀ rẹ̀ sọ iye yẹn di púpọ̀, kí ẹ sì mú ìdá 0.3 nínú rẹ̀ fún ìgbà tí pátákó bá tẹ̀ tó dígíríì 15. Agbára tó fẹ́ yí hínjì padà á jẹ́ bíi newton-mítà 0.055. Bí ibi tí a so wáyà mọ́ bá jìnnà sí hínjì ní mìlímítà 12, ìfà tí a nílò jẹ́ newton 4.6.

Wáyà Nitinol tó nípọn ní mìlímítà 0.25, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju okùn ìpẹja lọ, lè fa bíi newton 9 léraléra láìpa ara rẹ̀ lára. Èèyàn lè rò pé wáyà kan ti tó. Kò tó. Wáyà míì la máa fi fa pátákó padà láti òdìkejì, wáyà tútù yẹn sì gbọ́dọ̀ nà kí pátákó tó lè yí; nínà yẹn ń gba bíi newton 3.5. Tí a bá yọ 3.5 nínú 9, 5.5 ló kù, 4.6 la sì nílò. Kò sí àyè fún ìjì, kò sí àyè fún hínjì tó ń há, kò sí àyè fún wáyà tó ń darúgbó. Wáyà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni èmi yóò fi sí i: 18 yọ 7 jẹ́ 11, ó sì ju ìlọ́po méjì ohun tí a nílò lọ.

Gígùn ló kàn. Pátákó máa lọ dígíríì 15 sókè àti 15 sísàlẹ̀, èyí tó jẹ́ mìlímítà 6.3 níbi tí a so wáyà mọ́. Irin yìí lè sún kì tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ń sún kì tó ni ẹ̀mí rẹ̀ ṣe ń kúrú tó. Ìdá 3 ni kí a fi mọ. Wáyà tó gùn ní mìlímítà 210 ló máa fún wa ní 6.3 yẹn, ó sì lè nà gbọọrọ sínú apá dróònù láìjẹ́ kó sanra. Ní ti ìwúwo, wáyà kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Níbí ni iṣẹ́ yìí ti máa ń dùn mọ́ èèyàn: ohun tí kò wúwo tó ìyẹ́ adìyẹ ń fa ẹrù tó súnmọ́ kìlógíráàmù kan.

Iná bátìrì ni a ó jẹ́ kó gba inú wáyà náà kọjá kó lè gbóná. Mìlímítà 210 rẹ̀ ní ìdènà iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohm 4. Tí a bá fún un ní ampere kan, á gbóná tán láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́, títutù rẹ̀ máa gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí mẹ́fà. Pátákó á lọ kíákíá, á sì máa rìn gbẹ̀rẹ̀ padà. Wáyà òdìkejì kò lè gbà wá níbẹ̀, torí bí a bá tan iná sí i kí àkọ́kọ́ tó tutù, irin gbígbóná méjì ni yóò máa fa ara wọn, ibi tí a so wọ́n mọ́ á sì yọ̀, tàbí kí wáyà kan já.

Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni títínrín. Ẹ̀kọ gbígbóná tí a dà sínú àwo pẹrẹsẹ máa ń tutù kó tó di pé ti inú ìkòkò ṣeé fẹnu kàn, nítorí ojú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń kàn pọ̀ ju inú rẹ̀ lọ. Wáyà mẹ́rin tó nípọn ní mìlímítà 0.125 ní agbára kan náà pẹ̀lú ẹyọ kan tó jẹ́ 0.25, nítorí irin inú wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ojú wọn jẹ́ ìlọ́po méjì, títutù wọn kò sì ní gba ìdajì àkókò tí ti ẹyọ kan náà ń gbà. Nítorí náà ni mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó ń ya àwòrán actuator yìí kọ́kọ́ ya ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde kó tó ya wáyà fúnra rẹ̀: iye wáyà, àlàfo àárín wọn, ihò tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọ inú apá. Ẹni tó bá fi èyí sí ìgbẹ̀yìn yóò tún gbogbo rẹ̀ yà.

Afẹ́fẹ́ tó ń mú un tutù náà ló tún ń jí ooru rẹ̀ kó nígbà tí a bá fẹ́ kó gbóná. Ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 35,000 sókè, níbi tí bàálù arìnrìn-àjò ti ń fò, ìwọ̀n ooru jẹ́ dígíríì 54 sí ìsàlẹ̀ òdo. Lórí ilẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán, ara bàálù tó dúdú lè kọjá 70. Bí wáyà bá jẹ́ èyí tó ń jí ní 70, pátákó lè yí fúnra rẹ̀ níbi tí bàálù ti ń dúró de èrò. Èyí wà lára ìdí tí àwọn onímọ̀ irin ní NASA Glenn, ní Cleveland, fi ń da hafnium mọ́ nickel àti titanium, kí irin náà má baà jí títí ooru rẹ̀ á fi kọjá 100 dáadáa. Nǹkan míì wà tí kò hàn sí ojú: bí ẹrù tó wà lórí wáyà bá ṣe wúwo tó ni ooru tó nílò ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí ìjì bá gbá pátákó lójijì, wáyà tó gbóná tó ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn lè má gbóná tó mọ́.

Iná tí ó ń jẹ náà kò kéré. Wáyà tiwa ń ṣe iṣẹ́ tí kò ju joule 0.057 lọ nígbà tó bá fa newton 9 ní gbogbo ìrìn rẹ̀, nígbà tí a sì ti fi bíi joule 4 mú un gbóná. Kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún tó di iṣẹ́. Ìyókù jẹ́ ooru tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Bí a bá sì fẹ́ kí pátákó dúró síbi tó wà, iná gbọ́dọ̀ máa lọ, àyàfi tí a bá fi ohun tó ń tì í pa sí i.

Tí ìṣirò bá ti parí, tábìlì ló kàn. Kí á má tíì fọwọ́ kan apá dróònù rárá. Wáyà kan ṣoṣo ni a ó so rọ̀ sí férémù, pẹ̀lú òṣùwọ̀n irin nísàlẹ̀ rẹ̀ tó dúró fún ẹrù. Iṣẹ́ síso yẹn fúnra rẹ̀ gba ọgbọ́n. Léèdì tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń jó wáyà mọ́ra kì í di Nitinol mú, nítorí awọ titanium tó bo ara rẹ̀. Bó bá tiẹ̀ dì í mú, ooru rẹ̀ lè ba ìrántí ibẹ̀ jẹ́. Páìpù bàbà kékeré ni wọ́n máa ń tì í bọ̀, tí wọ́n á sì fi páńsà tẹ páìpù náà pa mọ́ ọn. Ìwọ̀n ooru wáyà náà kò rọrùn láti mọ̀, nítorí ohun tí a fi wọ̀n ọ́ lè nípọn ju wáyà lọ, kó sì máa mú un tutù níbi tó ti kàn án. Okùn ìwọ̀n ooru tó tín-ín-rín jù ni kí á wá.

A ó wá máa mú un gbóná, a ó máa mú un tutù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, á sún kì dáadáa. Ní ìgbà kejì, kò ní padà sí gígùn tó ní tẹ́lẹ̀ gan-an. Ìyàtọ̀ náà á máa dínkù títí ìrìn rẹ̀ á fi dúró sójú kan. Ó lè gba ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún èyí, tó sáré gbé wáyà tuntun sínú apá dróònù, á rí i pé pátákó tó tọ́ láàárọ̀ ti wọ́ lọ́sàn-án. Orí tábìlì yìí náà ni kí á ti pa wáyà díẹ̀: kí á mú wọn gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kí á di ẹrù tó pọ̀ jù lé wọn, kí á kọ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe kó tó já. Ìwé tí a kọ ìyẹn sí ṣe pàtàkì ju wáyà tó là á já lọ.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà kékeré tó máa darí iná. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí irin yìí ń gbà lọ kì í ṣe èyí tó ń gbà bọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì ní dígíríì 70, ó lè má bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ títí á fi wálẹ̀ sí 50. Nítorí náà, ní dígíríì 60, a kò lè sọ ibi tí pátákó wà àyàfi tí a bá mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ohun tó yẹ kí kọ̀ǹpútà máa wò ni ipò pátákó gan-an, pẹ̀lú ohun tó ń wọ̀n ọ́ lórí hínjì. Wáyà fúnra rẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀: ìdènà iná inú rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń sún kì, débi pé ẹni tó bá fi ọgbọ́n kà á lè mọ gígùn rẹ̀ láìfi ohun mìíràn kún ẹrù bàálù. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí púpọ̀. Síbẹ̀, mi ò ní gbára lé òun nìkan lórí ohun tí èèyàn máa wọ̀.

Nígbà tó bá dé orí bàálù gidi, wáyà kì í tó mọ́. Ọ̀pá oníhò tí wọ́n ti lọ́ ni wọ́n ń lò. Tó bá gbóná, á tú ara rẹ̀ lọ́, á sì yí ohun tí a so mọ́ ìdí rẹ̀. Èyí ni NASA lò nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Spanwise Adaptive Wing. Bàálù XB-70, tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1964, ti máa ń tẹ ìkángun apá rẹ̀ wálẹ̀ tó dígíríì 65 tó bá ń sáré ju ohùn lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò ńláńlá tó wúwo ló ń ṣe é. NASA fi ọ̀pá irin tó ń rántí sínú apá bàálù kékeré aláìláwakọ̀ kan tó ń jẹ́ PTERA. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n kéde pé ó ti ká ìkángun apá rẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀ lójú òfuurufú, láti òdo dé dígíríì 70, ní ilé ìwádìí wọn tó ń jẹ́ Armstrong, ní ìpínlẹ̀ California. Wọ́n sọ pé irú actuator bẹ́ẹ̀ lè fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kíká apá jẹ́ iṣẹ́ tó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Pátákó tí awakọ̀ fi ń gbógun ti ìjì kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ bàálù Northrop Grumman pàdé ìyàtọ̀ yìí nínú iṣẹ́ Smart Wing tí DARPA, àjọ ìwádìí ológun Amẹ́ríkà, gbé fún wọn ní 1995. Nínú ìpele àkọ́kọ́, wọ́n fi wáyà àti ọ̀pá Nitinol tẹ ẹ̀yìn apá àwòṣe bàálù ogun nínú yàrá afẹ́fẹ́ NASA Langley. Apá náà tẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ní ìpele kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ó yára, mọ́tò piezo ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, pátákó wọn sì ń lọ tó dígíríì 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn kan ń ka ìpele kejì yẹn sí ìkùnà irin tó ń rántí. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tọ́ sí i ni wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó tọ́ sí i ni irú èyí tí Boeing àti NASA gbé fò lórí 777-200 lọ́dún 2019. Lórí apá ọ̀pọ̀ bàálù ni àwọn pelebe kéékèèké wà tó ń ru afẹ́fẹ́ sókè, kí ó má baà yà kúrò lára apá nígbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀. Lókè réré, wọn kò wúlò. Wọ́n kàn ń fa bàálù sẹ́yìn, epo sì ń ṣòfò. Wọ́n wá fi irin tó ń rántí sí ìdí wọn. Nígbà tí bàálù bá gòkè tí otútù mú, àwọn pelebe náà á tẹ̀ lélẹ̀; bó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru, wọ́n á dìde. Kò sí wáyà iná, kò sí kọ̀ǹpútà. Títutù tó ń dààmú wa lórí tábìlì ti di ohun tí òfuurufú ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, gígòkè bàálù sì ń fún un ní àkókò tó pọ̀ ju èyí tó nílò lọ.

Kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó lè kúrò lórí bàálù ìdánwò bọ́ sórí èyí tí èèyàn ń sanwó wọ̀, àwọn aláṣẹ ìrìnnà òfuurufú ní òfin tó le. Àbùkù tó lè já bàálù lulẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín bílíọ̀nù kan wákàtí tí a fi fò. Kò sí ẹni tó lè fi irin kan dán irú wákàtí bẹ́ẹ̀ wò. Ọ̀nà tó wà ni pé kí wọ́n ṣe ètò rẹ̀ lọ́nà tí àbùkù kan kò fi ní fa ewu: kí sípíríǹgì dá pátákó padà sí àárín bí wáyà bá já, kí wáyà pọ̀ ju iye tí a nílò, kí pátákó tí irin yìí ń yí jẹ́ èyí tí bàálù lè fò láìsí. Ó tún ń béèrè pé kí ẹni tó ra irin náà àti ẹni tó tà á máa wọ̀n ọ́ bákan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọ̀n ọ́ bó ṣe wù ú. Lọ́dún 2017 ni ẹgbẹ́ ASTM gbé ìlànà E3097 jáde, èyí tó sọ bó ṣe yẹ kí á di ẹrù tí kò yí padà lé irin náà, kí á mú un gbóná, kí á mú un tutù, kí á sì kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, lálọ àti lábọ̀.